Ọjọ́ ìwádìí ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì wa máa fi iṣẹ́ ìwádìí wọn han aráàlú. Ọmọbìnrin kan ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù ṣe gáàsì ìdáná. Iná rẹ̀ ń jó bí aró lábẹ́ ìkòkò. Orí mi wú! Àmọ́ mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bo irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Redeemer's University, Ẹdẹ, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ tó ń pinnu bó ṣe rí, nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2020. Èèyàn mélòó ló mọ̀ lọ́jà? Ṣé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá? Ṣé ká ya ẹ̀bùn wọn sọ́tọ̀ sí ti olùkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?