Ọgbà adìẹ àti b² − 4ac

Ọmọ Obòkun:
Nígbà tí mo wà ní SS2 ní Iléṣà, bí ẹni ń kọrin ni mo ṣe mọ b² − 4ac lórí. Nínú ìdọ́gba ax² + bx + c = 0, òun ló ń sọ bóyá gbòǹgbò wà, ìyẹn nọ́ńbà tí a lè fi sípò x kí ìdọ́gba náà lè jóòótọ́. Tó bá ju òdo lọ, gbòǹgbò méjì tó yàtọ̀. Tó bá jẹ́ òdo, méjèèjì dọ́gba. Tó bá wọ máínọ́ọ̀sì, kò sí gbòǹgbò gidi. Ká ní ẹnìkan bi mí pé kí ni "gidi" yẹn, ẹnu mi ì bá wọhò.

Bàbá mi kékeré ló là mí lójú, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n ra wáyà fíìtì 24 lọ́jà Àtakúnmọ̀sà, wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgbà adìẹ sẹ́yìn ilé. Adìẹ mẹ́wàá, sìkúéà fíìtì mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40.

"Akọ̀wé, bá mi ṣírò ẹ̀. Kí ni ìbú, kí ni òró?"

Wáyà 24 ló máa yí ọgbà ká, nítorí náà ìbú àti òró pa pọ̀ jẹ́ 12. Bí ìbú bá jẹ́ x, òró á jẹ́ 12 − x. x(12 − x) = 40, ó di x² − 12x + 40 = 0. b² jẹ́ 144, 4ac jẹ́ 160. Mo yọ 160 kúrò nínú 144: máínọ́ọ̀sì 16. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máínọ́ọ̀sì 16 ò kúrò lójú kan. Bàbá kékeré dúró tì mí bí Òṣómàáló tó wá gbowó aṣọ.

"Bàbá, kò sí irú ọgbà yẹn."

"Kí ló dé tí kò fi ní sí? Ṣé wáyà kọ́ rèé?"

A ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, a ń sún un kiri. 4 lọ́nà 8 jẹ́ 32. 5 lọ́nà 7, 35. 6 lọ́nà 6, 36. Tí a bá kọjá ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àṣé ohun tí b² − 4ac ń wí nìyí! Tó bá jẹ́ 35 ni wọ́n fẹ́, 144 − 140 ṣẹ́ku 4, gbòǹgbò ìdọ́gba náà 5 àti 7, ìbú àti òró gan-an. Tó bá jẹ́ 36, òdo ló kù, 6 àti 6. Ṣùgbọ́n 40 ni wọ́n fẹ́, wáyà yẹn ò sì lè dé ibẹ̀ láéláé.

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wo ògiri ilé. "Tí ògiri bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ńkọ́?"

Wáyà á wá ṣe ìbú méjì àti òró kan. Mo kọ ọ́: x(24 − 2x) = 40. Mo fi 2 pín in, ó di x² − 12x + 20 = 0. 144 − 80 jẹ́ 64, gbòǹgbò ìdọ́gba náà 10 àti 2. Ìyẹn ni 10 lọ́nà 4, tàbí 2 lọ́nà 20. Èkejì pa wọ́n lẹ́rìn-ín: adìẹ wo ló máa ráyè yí padà nínú fíìtì 2? A gba 10 lọ́nà 4.

Ará Lágéré:
Tèmi ò ní adìẹ nínú, ìtìjú ni. Níbi lẹ́sìnnì ìdánwò WAEC ní Ifẹ̀, wọ́n pè mí síwájú bọ́ọ̀dù: x² − 3x − 10 = 0. Mo kọ 9 − 40, mo fi gbogbo ẹnu kéde pé kò sí gbòǹgbò gidi. Tíṣà ní kí n fi 5 sípò x. 25 − 15 − 10, òdo! Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé −4 lọ́nà −10 ń di +40. 49 ló yẹ kó jẹ́, gbòǹgbò ìdọ́gba náà 5 àti −2. Láti ọjọ́ náà, àmì a àti c ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, gbòǹgbò gidi méjì wà níbẹ̀ dandan.

Ṣùgbọ́n −2 mi yìí, bàbá yín ò ní rí wáyà gé fún un o. Al-Khwarizmi pàápàá, tó kọ ìwé aljíbrà ní Baghdad ní sẹ́ńtúrì kẹsàn-án, kò ka irú rẹ̀ sí gbòǹgbò.

Ọmọ Obòkun:
Wọn ò ní rí i lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù: nígbà tí wọ́n máa ra adìẹ, mẹ́jọ ni owó wọn ká. 4 lọ́nà 8 tí a kọ́kọ́ ṣe ì bá tó wọn.