Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìdánwò ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: mo yege

Ṣáájú ìdánwò náà, mo bi yín níbí bí mo ṣe lè múra sílẹ̀, torí ìṣirò ń jẹ gbogbo àsìkò mi, ẹ̀kọ́ ara ènìyàn kì í sì í dúró lórí. Èsì ti jáde, mo yege.

Fífi aago dáhùn ìbéèrè àtijọ́ ló ṣiṣẹ́ jù. Èyí tí mo bá gbà sódì nìkan ni mo ń padà lọ kà. Nínú ìṣirò oògùn, mo ń kọ́kọ́ sọ gbogbo ìwọ̀n di irú kan náà. Bí wọ́n bá ní 0.5 gíráàmù, tí hóró kan sì jẹ́ 250 mílígíráàmù, 500 mílígíráàmù ni wọ́n ń wí, hóró méjì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dẹ pàkúté.

Káàdì ìrántí (ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn) ṣe díẹ̀. Ó wúlò fún orúkọ egungun, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn kò yé mi àfìgbà tí mo ń fọwọ́ ara mi yà á: apá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró, apá òsì, kó tó tú ká gbogbo ara. Jíjí kàwé ní òru kò bá mi lára mu rárá (ẹ má bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá a lábàá).

Àyọkà gígùn ṣì ń fà mí sẹ́yìn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kù báyìí. Ẹ ṣeun.