Màmá mi kì í sùn láìlo Valium: ṣé ká gbà á lọ́wọ́ wọn?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ó lé lọ́dún mẹ́ta, ni màmá mi, ẹni ọdún 71, ti ń lo Valium lálaalẹ́. Kẹ́míìsì àdúgbò ni wọ́n ti ń rà á, láìsí ìwé dókítà. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan báyìí, wọ́n sì ṣubú lóru lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò mi ní ká da oògùn náà nù lónìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má dà á nù! Ọkọ àǹtí mi dá tiwọn dúró lójijì, kò pẹ́ tí gìrì fi gbé wọn.

Apòògùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Diazepam ló wà nínú Valium, òun náà la fi ń dá gìrì dúró nílé ìwòsàn. Fún àìróorunsùn, kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lọ. Kì í tètè jáde lára: lẹ́yìn wákàtí 48, ó lè ku ìdajì, lára àgbà ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí màmá ṣe ń gbé tòní mì, tàná àti ti ìjẹta ṣì wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyẹn. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba oṣù bíi mélòó kan. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ìrora bíi tramadol tàbí kódíìnì? Ọtí ńkọ́?

Oníbéèrè: Wọn kì í mutí. Wọ́n ń lo tramadol fún orúnkún, ẹni kan náà ló ń tà á fún wọn.

Apòògùn: Háà! Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Méjèèjì pa pọ̀ lè dá èémí dúró. Lọ́dún 2016, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára irú oògùn méjèèjì. Ẹ pe dókítà kí wọ́n tó lo ohunkóhun lálẹ́ yìí. Bí ẹ bá jí wọn tí wọn ò jí, tàbí mímí wọn ń falẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ìtọ̀ lè máa jí wọn. Ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ló yẹ. Ẹ jẹ́ kí iná wà lọ́nà ilé ìwẹ̀. Ẹ sì máa jókòó tì wọ́n, kí wọ́n ráyè sọ̀rọ̀ bàbá. Ọ̀fọ̀ ló gba oorun lójú wọn.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Dókítà ti ní kí wọ́n má lo tramadol lálẹ́ òní, ká sì wá láàárọ̀ ọ̀la. Àbúrò mi ló máa wà wá lọ.