Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ṣé ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa nílò pùródúsà?

Onígìtá Òkè-Fìà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni-mẹ́rin ni wá ní Òṣogbo, a sì ní orin 16 tí a fẹ́ fi ṣe àwo. Owó tí a tù jọ kò pọ̀. Ṣé kí a gba pùródúsà, ìyẹn ẹni tí yóò darí bí a ó ṣe ṣe àwo náà, ni, àbí kí a kàn sanwó fún ẹni tí yóò gba ohùn wa sílẹ̀?

Bàbá Onílù, Alékúwòdó:
Ẹ gba pùródúsà, kí ó sì kọ́kọ́ wá gbọ́ yín níbi tí ẹ ti ń ṣe ìgbáradì, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún sítúdíò. Yóò yọ àwọn orin tí kò tíì gbó kúrò nínú 16 yẹn, yóò gé ibi tí gìtá ti gùn jù, yóò sì bá onílù yín fẹnu kò lórí ìyára orin kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ìlù bá ń sáré tí ó tún ń falẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ bá tò lé e lórí ni yóò mì. Ẹgbẹ́ tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Odindi ọjọ́ kan tí a ti sanwó sítúdíò rẹ̀ ni a fi jiyàn lórí bí orin kan yóò ṣe parí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ìyá Akọrin:
Òótọ́ ni Bàbá Onílù sọ, ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀dọ̀ akọrin ni iṣẹ́ náà ti le jù. Butch Vig ni ó ṣe pùródúsà àwo Nevermind fún Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jáde ní 1991. Kurt Cobain, akọrin ẹgbẹ́ náà, kò fẹ́ kọ ẹsẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí a lè to ohùn méjèèjì lé ara wọn, Vig sì rán an létí pé John Lennon ti ẹgbẹ́ Beatles náà ṣe bẹ́ẹ̀. Vig mọ ẹni tí akọrin rẹ̀ ń wò láwòkọ́ṣe. Ẹ wá ẹni tí yóò mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀.

Agbohùnsílẹ̀ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ má gbàgbé pé ẹgbẹ́ Nirvana kan náà lọ bá Steve Albini fún àwo In Utero ní 1993. Nígbà ayé Albini, tó kú ní 2024, kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní pùródúsà. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń dún gan-an ni ó máa ń gbà sílẹ̀ nígbà náà, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì máa ń gbà, kì í bá wọn pín nínú owó títà àwo. Nítorí náà, ẹ bá ẹni tí ẹ bá yàn sọ ọ̀rọ̀ ìpín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì yan sítúdíò tí ó ní ínfátà, nítorí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń wọ inú maikirofóònù ìlù.

Onígìtá Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti fẹnu kò pé pùródúsà ni a ó kọ́kọ́ wá. Ta ni ẹ mọ̀ ní Òṣogbo tí ó lè wá gbọ́ wa níbi ìgbáradì?