Mọ́tò kékeré tí táyà iwájú ń fà àbí èyí tí tẹ̀yìn ń tì?
Ẹ̀yin ará mi ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra mọ́tò, ọkàn mi pín sí méjì láàárín Corolla tí táyà iwájú ń fà àti Benz 190 tí tẹ̀yìn ń tì. Òkè tó lọ sílé wa n'Íbàdàn, amọ̀ pupa ni gbogbo ẹ̀, tójò bá ti rọ̀, Benz ẹ̀gbọ́n mi á kàn máa yí táyà lójú kan ni, ẹrẹ̀ á máa ta sára ògiri, àfi tá a bá gbé sìmẹ́ǹtì báàgì méjì sí búùtù. Wọ́n ní tiwájú dáa torí ẹ́ńjìnnì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ mẹkáníìkì mi ní kòtò á máa ba CV joint ẹ̀ jẹ́, ìyẹn oríkèé irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà. Ẹni tó bá ti wa méjèèjì gun irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?