Ta lọ̀gá nínú àwọn tí wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́ draft NFL?

— Ẹ̀yin ará, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di ariwo ọjà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ yàtọ̀ sí yíyàn tó dára jù lọ. Draft ni ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun láti yunifásítì ní ìpele-ìpele. Ẹgbẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, ẹgbẹ́ tó gba Super Bowl, ife líìgì náà, ló ń mú kẹ́yìn. Torí náà, ẹ bi ara yín kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni: àwọn wo ló fò ó kọjá? Kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ san kí wọ́n tó rí i mú? Ọdún mélòó ló sì gbá fún wọn? Peyton Manning, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí ìkọlù), ipò kìíní ní 1998, kò nílò alágbàwí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ọmọdé ì bá yàn án. Ryan Leaf ni San Diego mú tẹ̀ lé e, àwọn àgbà iṣẹ́ náà sì jiyàn gan-an lórí èyí tó sàn nínú àwọn méjèèjì. Ìdíje 25 péré ni Leaf gbá: touchdown (kí bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò) 14, bọ́ọ̀lù 36 tí alátakò hán gbà.

— Lawrence Taylor, linebacker (olùgbèjà tó ń dúró lẹ́yìn àwọn ti iwájú), ni tèmi. Ní 1981, New Orleans ló ní ipò kìíní, wọ́n mú George Rogers, Giants ti New York sì mú Taylor ní ipò kejì. Rogers kì í ṣe ọ̀lẹ o. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù sáré jù nínú líìgì lọ́dún náà, yáàdì 1,674. Ṣùgbọ́n Taylor sọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì di nǹkan mìíràn. Ṣáájú rẹ̀, running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) ni wọ́n sábà máa ń fi dí linebacker tó bá yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbá wọn dànù bí ẹni gbá ilẹ̀. Joe Gibbs, olùkọ́ni Washington, wá ń to tight end (ẹni tó ń dínà, tó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù) méjì nítorí rẹ̀, owó left tackle tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní 1986 ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ nígbà 20.5, ó gba MVP, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún. Láti ìgbà náà kò tíì sí ẹlòmíì láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ilé tó gbà á. Bí ẹ bá ka 132.5 nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ rántí pé 1982 ni líìgì bẹ̀rẹ̀ sí í ka sack, ìyẹn gbígbé quarterback ṣánlẹ̀. Ti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

— Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ẹgbẹ́ kan péré ló fò Taylor. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yíyàn tó ṣáájú Jerry Rice ní 1985. Jets ti New York ti mú Al Toon ní ipò kẹwàá, Cincinnati mú Eddie Brown ní ìkẹtàlá, receiver (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback jù) bíi Rice ni àwọn méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni Mississippi Valley State tó ti wá, wọ́n sì ní kò yára tó lórí yáàdì 40. San Francisco ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Super Bowl ni, ipò 28 ni wọ́n wà. Wọ́n kó yíyàn wọn ní ìpele kìíní, ìkejì àti ìkẹta fún New England, wọ́n gba ipò 16 àti yíyàn ìpele kẹta kan. Yáàdì 22,895 ni Rice fi sílẹ̀. Larry Fitzgerald tó tẹ̀ lé e ní 17,492.

— Ẹni tó fẹ́ dárúkọ quarterback John Elway, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni ín. Baltimore ló mú un ní 1983, ó ní òun ò lọ, pé òun á kúkú lọ gbá baseball. Denver gbé agbábọ́ọ̀lù méjì, Chris Hinton àti Mark Herrmann, pẹ̀lú yíyàn ìpele kìíní ọdún 1984 kalẹ̀ fún wọn. Ọgbọ́n òwò nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n yíyàn. Dan Marino ló yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú draft yẹn: quarterback márùn-ún ló ṣáájú rẹ̀, Miami mú un ní ipò 27, ní sáà 1984 nìkan, ó ju yáàdì 5,084 àti touchdown 48.

— Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Patrick Mahomes, quarterback tí Kansas City mú ní ipò kẹwàá. Nínú tábìlì tí olùkọ́ni Jimmy Johnson fi ń díwọ̀n iye ipò kọ̀ọ̀kan ní Dallas, ipò kìíní gba máàkì 3,000, ìkẹwàá 1,300, ipò 27 gba 680. Kansas City wà ní 27 ní 2017, 620 ló kù kí wọ́n dé ìkẹwàá. Wọ́n fi ipò 91 (máàkì 136) àti yíyàn ìpele kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e kún un fún Buffalo. Chicago náà sanwó lọ́jọ́ yẹn láti kúrò ní ìkẹta bọ́ sí ìkejì, quarterback mìíràn, Mitchell Trubisky, ni wọ́n mú. Ibi tí tábìlì náà ti ń ṣì wá lọ́nà ni pé kò ka àdéhùn owó sí. Láti 2011, ẹni ìpele kìíní nìkan ni ẹgbẹ́ lè fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lára ohun tó mú ipò 32 níye lórí nígbà tí Baltimore rà á lọ́wọ́ Philadelphia ní 2018, tí wọ́n fi mú Lamar Jackson.

— Ọ̀rọ̀ left tackle tí ẹ̀gbọ́n sọ kàn wá nílé o. Olumuyiwa Fashanu, ọmọ Penn State, ni Jets mú ní ipò 11 ní 2024 fún iṣẹ́ yẹn. Adewale Ogunleye ńkọ́? Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní Indiana, ìpele méjèèje ni wọ́n fò ó ní 2000. Ní 2003 ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ nígbà 15 fún Miami, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ ní AFC, ìdajì líìgì tí Miami wà.

— Kí ló dé tí a ò sọ ti ẹgbẹ́ tó mú méjì lọ́jọ́ kan? Baltimore, 1996: Jonathan Ogden ní ipò kẹrin, Ray Lewis ní 26. Àwọn méjèèjì wà ní Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni eré náà, wọn ò sì gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn rí.

— Chicago, 1965: Dick Butkus ní ìkẹta, Gale Sayers ní ìkẹrin. Hall of Fame náà ni àwọn méjèèjì wà. Wọn ò sì dé playoffs, ìdíje ìparí lẹ́yìn sáà, pa pọ̀ rí.