Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìkéde ètò àdúgbò kí àwọn ìdílé lè wá?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò wa fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, pé kí n kó gbogbo ètò tí yóò wáyé láàárín oṣù 3 tí ń bọ̀ jọ sójú ìwé kan: ìmọ́tótó àyíká, ọjọ́ eré ìdílé, ìtàn kíkà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ìkàwé, àti ìpàdé gbogbo olùgbé. Ètò kò wọ́n wa, èrò ni ó wọ́n wa. Nígbà tí a ṣe ọjọ́ eré ìdílé kẹ́yìn, àwọn tí ó to àga fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tí ó jókòó sórí rẹ̀ lọ, ọjọ́ kejì sì ni àwọn òbí ń bi mí pé ìgbà wo ni a kéde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a kéde o! A lẹ ìwé mọ́ pátákó, a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí a kọ nìyí: “Ọjọ́ Eré Ìdílé. Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀. Gbogbo ìdílé ni a pè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún yín o.” Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó kù níbẹ̀ tí ẹni tí ó ní ọmọ kékeré tàbí àgbàlagbà nílé nílò kí ó tó lè pinnu láti wá?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Sátidé wo ni “Sátidé tó ń bọ̀”? Ẹ̀yin ń kà á láti ọjọ́ tí ẹ lẹ ìwé, èmi ń kà á láti ọjọ́ tí mo rí i. Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Mo ka ìkéde kan lára ògiri ní ọjọ́ Àìkú, mo múra fún àwọn ọmọ mi méjèèjì ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a sì dé ibẹ̀ bá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní títì, tí a ń yọjú láti ojú fèrèsé wo àga tí wọ́n ti tò léra wọn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan géérégé tí ètò náà ti kọjá. Àwọn ọmọ ti fi bébà gé adé tí wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn kò gbà kí n ṣí i kúrò lórí òun títí a fi délé. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, kí ẹ sì já ìwé náà kúrò lára pátákó nígbà tí ètò bá parí.

Aago tí ètò yóò parí ṣe pàtàkì fún òbí ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí ọmọ tí ó ń sùn lọ́sàn-án kò mọ̀ pé ìdíje fífa okùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Bákan náà, “gbogbo ìdílé” kò sọ ohunkóhun fún mi. Eré ọmọ ọdún 3 kì í ṣe eré ọmọ ọdún 12, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ orí, kí ẹ sì sọ bóyá òbí gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ rẹ̀ tàbí ó lè fi í sílẹ̀ kí ó padà wá mú un. Ẹ sọ bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí, bóyá kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè wọlé, àti bóyá ẹ máa ya fọ́tò àwọn ọmọ, kí ẹni tí kò fẹ́ lè sọ ṣáájú.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ ìyá wa tọ́. Èmi fẹ́ fi ti ìmọ́tótó kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí nǹkan máa ń dàrú jù. Ní ọdún 2008, ní orílẹ̀-èdè Estonia, nǹkan bí ènìyàn 50,000 jáde ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì kó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 10,000 ìdọ̀tí láàárín wákàtí 5. Àwọn ènìyàn máa ń fi iye yìí yangàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ náà ni ó wú mi lórí: wọ́n ti wá gbogbo ibi tí ààtàn wà káàkiri, wọ́n ti fi àmì sí i lórí àwòrán ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ó ń lọ kí ó tó kúrò nílé. Láti inú ìgbìyànjú yẹn ni Ọjọ́ Ìmọ́tótó Àgbáyé ti jáde, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi sí 20 oṣù Kẹsàn-án báyìí.

Nínú ìkéde tiwa, ẹ kọ ẹni tí yóò mú ìbọ̀wọ́ wá, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgò fífọ́ tàbí abẹ́rẹ́. Ẹ tún wádìí ẹni tí yóò kó àpò ìdọ̀tí lọ, àti ọjọ́ tí yóò kó o. Tí àpò bá wà lẹ́bàá ọ̀nà di ọjọ́ kẹta, ajá á ti tú u, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ mìíràn tí kì í yí padà ni 15 oṣù Karùn-ún fún ìdílé, tí ayé ti ń ṣe láti ọdún 1994, àti 11 oṣù Kẹfà fún eré ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Ẹ lè kéde irú wọn láti oṣù 6 ṣáájú. Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, ẹ sún un sí Sátidé tí ó sún mọ́ ọn jù lọ.

Ọ̀dọ́ Àdúgbò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀. Ètò ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ka orúkọ ètò mẹ́wàá lórí ìwé kan kò ní rántí ẹyọ kan. Ẹ wo parkrun, ètò eré sísá kan: Paul Sinton-Hewitt bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọgbà kan ní London ní 2 oṣù Kẹwàá, ọdún 2004, ènìyàn 13 péré ni ó sì sáré. Kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni, òwúrọ̀ Sátidé ni nígbà gbogbo. Ó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí, wọ́n sì ní ti àwọn ọmọdé, kìlómítà 2, ní ọjọ́ Àìkú. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìgbà tí yóò wáyé. Ẹ mú ẹyọ kan, bóyá ìtàn kíkà ní ilé-ìkàwé, kí ẹ máa ṣe é ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago kan náà, bí ènìyàn 4 ni ó tilẹ̀ wá.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an. A ó sọ ìtàn kíkà di ti Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ètò yòókù yóò sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù, ọdún àti aago ìparí. Ìyá Ìbejì, àtẹ̀gùn 4 wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ọjọ́ eré ìdílé. Mo ti ń rò ó pé kí n wá pákó tí a ó tẹ́ sórí rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n, akọ̀wé. Sẹ̀ǹtímítà 1 tí àtẹ̀gùn bá ga, sẹ̀ǹtímítà 12 ni kí pákó fi gùn kí kẹ̀kẹ́ tó lè gùn ún láìséwu. Tí àtẹ̀gùn 4 náà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, pákó yín á gùn ju mítà 7 lọ. Ẹ gbé eré náà sórí pápá, kí ẹ kọ ọjọ́ mìíràn tí a ó lò bí òjò bá rọ̀ sínú ìkéde.